Bí Mo Ṣe Lọ Dógò Ti Ọlọ́jà Inú Fóònù

Láti Koko, lábẹ́ igi máńgòrò tí o mọ̀

Laurence ọmọ mi,

Mo kí ọ ní kíkí tó pọ̀ ju èrò ọjà Savalou lọ. O kú iṣẹ́, o kú ooru Kútọnu, o kú ìnáwó omi rírà. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo ti gbádùn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí owó oṣù rẹ di owó dókítà, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn ò ní gbàgbé orúkọ rẹ. Bí o bá kà á dé ibí, kí o ṣe àmín sókè, nítorí èmi ti ṣe tèmi.

Ilé dára. Iṣu ọdún yìí ta, mo ti wà á tán. Àbúrò rẹ ń kí ọ láti Bantè. Ìyá rẹ náà wà. Bí o bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Koko tó ń gbé Kútọnu pé ewúrẹ́ ni ìyá rẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ bó ṣe jẹ́, torí ẹnu wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ láì fi iyọ̀ sí i.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ló ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń din gààrí níbí. Láti ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ lórí pánù oníhò, tí èékánná wọn ń bá gààrí lọ. Wọ́n wá dá owó jọ títí owó ẹ̀rọ fi pé, ìyá rẹ sì fi í sínú àpótí tí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wà. Ọ̀dọ̀ Salifou tó ń ta ẹ̀rọ ní Savalou ni wọ́n fẹ́ lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní ṣé kí n máa fi fóònù ńlá tí ọmọ mi rà fún mi wo aago nìkan ni.

Inú fóònù yẹn ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oscar, eyín rẹ̀ funfun, ó wọ táì. Ó fi ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ hàn mí, ẹ̀gẹ́ ń wọlé níhìn-ín, ó ń kúnná jáde lọ́hùn-ún, mo sì fi etí ara mi gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ìdajì iye tí Salifou ń tà á ló pè é. Ó ní ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí mi, ẹ yára. Mo ní ẹni tó pe ènìyàn ní mọ̀lẹ́bí kò lè rẹ́ ènìyàn jẹ. Ìyá rẹ ní òun kì í ra ohun tí òun kò fọwọ́ kàn, mo ní ayé ti lajú. Mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e fún Wassila tó ń ta káàdì fóònù lójú títì, òun ló bá mi fi ránṣẹ́. Mo ṣàdúrà sí owó náà pé kó dé láyọ̀, ó sì dé láyọ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ máa dé, àwọn obìnrin gbálẹ̀, wọ́n da sìmẹ́ńtì síbi tó máa dúró sí, Awaou ìyàwó aránṣọ bẹ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ tó ga dé orúnkún. Sémíjàn, ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wá láti Savalou, sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo na páálí kan sí mi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní èyí tó kù ńkọ́, ó ní kò sí èyí tó kù. Ohun tó wà nínú páálí náà wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní ọwọ́ kékeré kan tí wọ́n ń yí, wọ́n sì ya aáyù sára páálí rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ tó gbé àgbélébùú ṣe máa ń ṣáájú fadá. Mo tilẹ̀ gbé e sórí sìmẹ́ńtì, mo gé ẹ̀gẹ́ sí wẹ́wẹ́, mo yí i, ó sì rin ín dáadáa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, gààrí ẹnì kan á jinná lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Awaou ní ṣé ìyá Laurence mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ni, gbogbo wọn bá yíjú sí ìyá rẹ. Ọmọ mi, ìgbà yẹn ni ara mi tutù, nítorí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni wo ìyá rẹ bí olè rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ewúrẹ́ pupa tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló ń bá sọ̀rọ̀. Á ní, ewúrẹ́, sọ fún onífóònù pé iṣu rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Á ní, ewúrẹ́, sọ fún un pé wọ́n ti ta ọ̀bọ lápò fún un, kó lọ gba owó olówó wá. Èmi náà á ní kí ewúrẹ́ sọ fún un pé mo ń ṣe é lọ́wọ́. Ewúrẹ́ á wo èmi, á wo òun, á máa jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, kò lọ sí Mísà àárọ̀ mọ́, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà ló ń bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ilé dá wáí lójú mi. N kò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí gan-an.

Mo gun alùpùpù lọ sí Savalou, mo gbé páálí náà dání àti ẹ̀gẹ́ kan kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì ọlọ́pàá gbọ́ tèmi, ó fi èdè Mahi bi mí pé níbo ni ọkùnrin yìí ń gbé. Mo ní inú fóònù. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo bi í pé íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ọ̀nà Tchetti ni kí n gbà débẹ̀ àbí ọ̀nà Bantè. Ó wo àjà títí, ó ní kí n máa lọ sílé, wọ́n á pè mí. Wọn ò tíì pè, àfi bí wọ́n bá pè nígbà tí mo wà lóko.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo fẹ́ gba ẹ̀yìn ọjà kí Salifou má baà rí mi, ó sì rí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fún mi lómi mu, ó ní tó bá jẹ́ ayé àwọn baba wa ni, wọ́n á lọ dógò ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. O kò bá àbúrò bàbá mi láyé, òun ló gbé ẹní lọ sẹ́nu ọ̀nà gbajúmọ̀ kan ní Tchetti tó jẹ ẹ́ lówó iṣu. Kò bú u, kò lù ú. Ó kàn jókòó ni, ó ń jẹ níbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, ó ń kí gbogbo àlejò tó ń wọlé pé gbèsè lòun wá sin, títí ojú fi ti onílé tó sanwó. Mo wá rò ó pé Oscar náà kúkú ní ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń pàtẹ nínú fóònù, wọ́n ń pè é ní dirẹ́ẹ̀tì, òun fúnra rẹ̀ á dúró láàyè láàárín ẹrù, èrò á máa wọlé, orúkọ wọn á sì máa hàn.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ, mo tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò, mo gbé fóònù ti odó, mo sì wọlé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè wa àti ní Faransé tó kù sí mi lórí, pé ẹ kúulé o, èmi ni Urbain láti Koko, ẹ má wulẹ̀ dìde, owó ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni mo wá jókòó dè. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá hàn, mo kí i, ẹ káàbọ̀, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Obìnrin kan béèrè pé ṣé ìkòkò tí Oscar ń tà yẹn tóbi bó ṣe hàn lójú. Oscar kò tètè dáhùn, mo bá a dáhùn, mo ní, ìyá, ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn n kò na ẹsẹ̀, n kò sì jẹ́ kí adìyẹ gun ẹní, kí àwọn èrò tó ń wò mí má baà sọ pé ará oko ni mí.

Kò pẹ́ tí Oscar fi lé mi jáde. Wassila ní ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni. Inú mi dùn, nítorí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ológò ti jẹ́wọ́ gbèsè nìyẹn. Mo gba fóònù Wassila, mo tún wọlé, mo ní ẹ má bínú, atẹ́gùn ló ti ilẹ̀kùn. Ó tún tì í. Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, Awaou gbé fóònù ọkọ rẹ̀ wá, ó ní òun náà á jókòó, ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bá ń gbé àpótí ìjókòó wọn dé, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá lé ọ̀kan jáde, òmíràn á wọlé, á ní ẹ kúulé o. Awaou kò mọ̀wé, ó ṣáà ń tẹ ọkàn pupa kékeré tó wà nísàlẹ̀, ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, ọkàn pupa ń fò sókè títí ó fi bo Oscar lójú, a kò rí ohun tó ń tà mọ́. Ìyá rẹ náà jáde wá. Ó jókòó lọ́dọ̀ ewúrẹ́, ó ní, ewúrẹ́, sọ fún un pé kó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́.

Ni ẹnì kan nínú àwọn èrò bá kọ ọ́ pé, baba, òun ra fáànù oníná, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún òun. Ẹlòmíràn ní òun ra bàtà, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Mo ní kí wọ́n jókòó, àyè wà lórí ẹní. Òógùn bo Oscar. Ó pè mí ní bàbá lójú gbogbo ayé, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa lọ, òun á san án lọ́la. Mo ní ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú, mo ti wa iṣu tán, n kò ní iṣẹ́ kankan títí òjò á fi rọ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Mo ní kó sọ orúkọ abúlé ìyá rẹ̀ fún mi kí n lè lọ kí i. Ó jọ pé ìyẹn ló dùn ún jù.

Fóònù ìyá rẹ, tí mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀ fún Oscar, dún. Wassila kà á, ó ní owó ẹ̀rọ ti wọlé. Àwọn obìnrin hó, wọ́n dìde. Èmi kò dìde. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a dúpẹ́ o, ó ku owó alùpùpù tó gbé e wá. Ìyẹn náà wọlé. Mo ṣàdúrà fún Oscar, mo kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní mi.

Ibi tí mo ti ń ká a ni ìyá rẹ ti wá dúró tì mí. Kò wo ewúrẹ́. Ó ní, Bàbá Laurence, ìjókòó yìí tó, wá jẹun. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ mi. Mo ní èéfín ni, ó ní iná ti kú tipẹ́. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán, ó ń da gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi pa mọ́ sí mi lórí, èébú pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ Salifou la ti ra ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó sanwó, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, kò wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ti padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní Mísà, àárín gan-an ló ń jókòó sí báyìí. Ti kékeré yẹn, ó fi ń rin atalẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn kò ṣeé pa ní Nọ́ẹ̀lì mọ́, ó ti mọ ọ̀rọ̀ ilé jù.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó nínú fóònù ń san owó ìjókòó. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni Wassila tó sọ pé òun ló ń fi káàdì òun bọ́ gbogbo fóònù wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì méjèèjì, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́ẹ́fà ni. Mo ní kó fún mi láyè. Láàárọ̀ yìí ló gbé ẹní rẹ̀ wá sábẹ́ máńgòrò. Kò bú mi, kò lù mí. Ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń bi wọ́n léèrè ilé àtọmọ, ìyá rẹ sì ti bu iyán fún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹran tó yẹ kó jẹ́ tèmi ló fi lé e. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o tètè fi owó náà ránṣẹ́. Mo sì ti rí ẹnu ọ̀nà tìrẹ náà nínú fóònù, níbi tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ ti ń kí ọ. N kò sọ pé mo fẹ́ wá jókòó o, mo kàn ní mo rí i.

Ọlọ́run á bùkún fún ọ. O kò ní ra ọjà tó máa sọ ìwọ àti ẹni rẹ di ọ̀tá. Ilé rẹ kò ní dákẹ́. Ológò kò ní tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ, àfi èyí tó bá jẹ́ bàbá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Urbain.

Wassila ń wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n kí ọ, ó ní òun kò kánjú.