Ohùn Ìsàlẹ̀ Tí Wọn Kò Kà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Oníbáàsì

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1947 ni a bí Bàbá wa, nínú yàrá kejì ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi. Bàbá tó bí wọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí ń fa omi lọ sí gbogbo ìlú. Ìyá wọn, aránṣọ, ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bàbá wa ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ márùn-ún. Ẹ̀rọ omi náà kì í sinmi, ìró rẹ̀ a sì máa gba inú ilẹ̀ wọ ilé. Ìyá wọn máa ń sọ ọ́ pé kí ọmọ yìí tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ló ti mọ ìgbà tí àárẹ̀ bá fẹ́ mú ẹ̀rọ. Yóò dúró lórí sìmẹ́ńtì láìwọ bàtà, yóò ní, "Ó ń kọsẹ̀ o." Bàbá rẹ̀ yóò sáré lọ wò ó, yóò sì bá a bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin wọn àgbà, tí í ṣe tíṣà, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní kó bu omi sùúrù mu kó tó mú gègé. Ó mu ún, kò ràn án lọ́wọ́. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran, ohun tí ẹbí yìí sì rí láti oṣù kẹta ọdún yìí kò ṣe é gbé mì.

Ní ọdún 1954, Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ orin ibẹ̀ ní jìtá kan tí okùn tín-ín-rín méjì ti já lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé okùn mẹ́rin tó nípọn ló kù. Àwọn ọmọ yòókù kò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ohùn rẹ̀ dà bíi ti àgbàlagbà tó ń kùn. Bàbá wa gbé e, wọn kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ omi gbà wọ́n sí ìdí ẹ̀rọ tí bàbá wọn fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, a kò sì gbọ́ pé wọ́n pẹ́ dé ibiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ọdún 1971 ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ni ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọ̀gá Onífèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí Bàbá wa tó ta báàsì, jìtá olókùn mẹ́rin tí ń dún ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá ní, "Wọ bàtà rẹ jàre, àwọn èèyàn ń wò wá." Bàbá wa ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ gbọ́ onílù." Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe sọ wọ́n ní Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán nìyẹn.

Lọ́dún 1975 ni wọ́n gbé Ìyá wa níyàwó. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá wa nígbà náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá gbafẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Gbogbo ojú wà lára onífèrè, àmọ́ Ìyá wa ń wá ohun tó ń mú kí omi inú ife òun máa gbọ̀n. Ó tọ ìró náà lọ títí tó fi bá ọkùnrin kan tí kò wọ bàtà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Nínú ìgbàgbọ́, Bàbá wa kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ìjọ ní báàsì kò gbọdọ̀ wọlé, pé ohun èlò ilé ọtí ni. Wọn kò janpata. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń to àga, tí wọ́n ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí àwọn àgbà wọ̀nyẹn tó yí ọkàn padà. Ládùúgbò, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ bá ń jò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. Àwọn kan rò pé ẹni tó dákẹ́ báyìí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́.

Ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń dunni. Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ náà gba orin sílẹ̀ níwájú èrò nínú gbọ̀ngàn ńlá. Gbogbo yín lẹ mọ orin náà, èyí tí báàsì nìkan máa ń dá bẹ̀rẹ̀ kí àwọn yòókù tó wọlé. Láàárín orin yìí ni Ọ̀gá Onífèrè ti sọnù. Ẹbí kò ní lo ọ̀rọ̀ mìíràn: ó sọnù. Ó wọlé níbi tí kò yẹ kó ti wọlé, ó mọ̀ ọ́n lára, ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu, kò sì mọ ibi tí orin dé mọ́. Onílù àti onídùùrù ti ń wo ara wọn. Bàbá wa kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, wọ́n ń ta á léraléra, jẹ́jẹ́, títí ọ̀gá fi rí ọ̀nà wọlé. Èrò pàtẹ́wọ́; wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn eré, ọ̀gá di Bàbá wa lọ́wọ́ mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Ìyá wa, fún odidi ọdún mọ́kànlélógójì. Ìyá wa ló ní kí ẹbí kọ ọ́ síbí lónìí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024 yìí, ilé iṣẹ́ rédíò kan gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yan ẹni tó ta yọ jù lọ lórí ohun èlò orin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Onífèrè ni alága. Ó wá sílé wa, ó jókòó lórí àga wa, ó sì sọ fún Bàbá wa pé, "Má gbàgbé láti gbọ́ rédíò láàárọ̀ Sátidé o." Kí ni èèyàn ń sọ irú rẹ̀ fún ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sí? Lọ́jọ́ náà, Bàbá wa fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn ará ilé kejì gbé àga wá. Nínú rédíò, wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ onífèrè: alága fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ohun tó mú un borí ni bó ṣe dákẹ́ láàárín orin ọdún 1983, pé ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ìyá wa pariwo, "Ìdákẹ́jẹ́ kẹ̀!" Bàbá wa ní kó jẹ́ kí àwọn gbọ́rọ̀. Wọ́n dárúkọ onídùùrù, Bàbá wa ní ó tọ́ sí i. Wọ́n dárúkọ onílù, onísasofóònù, oníjìtá, Bàbá wa ń mi orí sí gbogbo wọn. Ẹ̀kẹfà, tó jẹ́ ìkẹyìn, ni ẹni tó ń gbọn tanboríìnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó dàbọ̀.

Orin tí wọ́n fi parí ètò náà ni orin ọdún 1983 yẹn. Ìka Bàbá wa ló ń dún nínú rédíò tí kò dárúkọ wọn. Ìyá wa ní ká pa á. Bàbá wa ní ká fi sílẹ̀. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Okùn kẹta yẹn lọ sílẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n fà á sí i." Àwọn ará ilé kejì rọra gbé àga wọn padà. Láti ọjọ́ náà, Bàbá wa kò bọ́ bàtà nínú ilé mọ́, àfi tí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Ọmọbìnrin wọn àgbà gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ. Ẹni tó bá nínú ọ́fíìsì ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ta ló máa ń gbọ́ báàsì?" Ó gba ilé Ọ̀gá Onífèrè lọ. Ìyẹn ní, "Mẹ́fà péré ni àyè gbà. Bàbá yín ò tiẹ̀ bínú, kí ló dé tí ẹ̀yin ń bínú?" Àyè gba tanboríìnì o! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Bàbá wa dágbére fáyé láàárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Dókítà ní ọkàn wọn ló rẹ̀. Ẹbí kò sọ pé rédíò ló pa wọ́n. Wọ́n ti dàgbà. Àmọ́ wọ́n ti lọ láìgbọ́ ohun tí wọ́n fá irùngbọ̀n dè.

Wọ́n fi ìyàwó wọn sáyé lọ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àti àbúrò wọn obìnrin. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀: tíṣà, awakọ̀ ojú irin, aránṣọ tó jogún ẹ̀rọ ìyá-ìyá—ẹ má bínú, ẹ̀rọ ìyá bàbá rẹ̀—àti àbíkẹ́yìn tó wà nílé iṣẹ́ omi títí di òní. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló kù lẹ́yìn wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn kì í sì gbà kí wọ́n wọ bàtà fún òun.

Ọ̀gá Onífèrè wà láàárín wa lónìí. Ó bẹ ẹbí pé kí òun àti ẹgbẹ́ náà fi orin ọdún 1983 sin Bàbá wa jáde. Ẹbí gbà. Ó ní òun yóò mú oníbáàsì mìíràn wá. Ẹbí kò gbà. Báàsì Bàbá wa yóò dúró lẹ́yìn gbogbo wọn níbi tó ti máa ń wà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án. Níbi tó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pe ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ọ̀gá bá sì tún sọnù láàárín orin, kí ó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ohun tí etí yín bá ń wá tí kò rí, Bàbá wa nìyẹn.

Ẹbí kò wọ bàtà fún wọn nínú pósí. Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán, ẹ sùn re o. Ilẹ̀ tí ẹ ti ń fẹsẹ̀ gbọ́ láti kékeré, kó rọ̀ yín lọ́rùn.