Fíríìjì Tó Bá Bàbá Lọ sí Òkè-Ògùn

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Okokomaiko níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà nínú agbo ilé, kí wọ́n má bínú pé mi ò pè wọ́n déédéé. Ẹ kí àbúrò mi Bọ́sẹ̀ àti ọkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ara mi le, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Òjò ọdún yìí ò fẹ́ dá mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń jó irin ti di ẹrọ̀fọ̀, nígbà tí mo bá sì fi máa dé yàrá mi ní Ìbà, bàtà mi á ti wúwo ju ẹsẹ̀ mi lọ. Àwọn tí a jọ ń gbélé níbí ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Gbogbo nǹkan ti wọ́n, irin, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ fi kéré. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ ròyìn fún yín. Màmá kan láti Ajangbadi, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú jíìpù gíga kan. Fíríìjì kékeré kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣiṣẹ́. Ọkọ wọn ní àtọ̀gbẹ, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gún abẹ́rẹ́, oògùn abẹ́rẹ́ náà ò sì gbọdọ̀ gbóná. Bàbá wá sọ pé Èkó ti sú àwọn, àwọn fẹ́ padà sí abúlé àwọn lẹ́yìn Ṣakí, níbi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, tí iná ò sì dájú. Màmá ní kí n de fíríìjì náà mọ́ ẹ̀yìn jíìpù kó má mì, ṣùgbọ́n kó ṣeé yọ. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á so ó mọ́ bátìrì sólà. Tí wọ́n bá ń lọ sí ọsibítù, wọ́n á dá a padà sínú ọkọ̀.

Èmi àti Sẹ́wánù la jọ ṣe é, rewaya tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwa. Ègùn ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó fa wáyà láti iwájú ọkọ̀ wá sẹ́yìn, ó sì fi ẹnu tó ṣeé kì bọ̀, tó ṣeé yọ, parí rẹ̀. Èmi fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe férémù, mo fi bẹ́líìtì gbá fíríìjì mọ́ ọn. Ó dùn ún wò. A bu omi sí i dípò oògùn, a wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìbà tí òjò ti gbẹ́ ní kòtò kòtò. A ò tíì jìnnà tí bẹ́líìtì fi já. Fíríìjì ṣubú, omi dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Màmá jókòó níwájú, wọn ò pariwo. Wọ́n wo omi náà títí, wọ́n ní, "Àkànbí, ká ní oògùn ni, ibi tí à ń lọ, kò sí ibi tí mo ti lè rí òmíràn rà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. A yọ ìdajì ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, mo sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù de pèpéle irin mọ́ ojú ihò tí wọ́n fi de ìjókòó náà tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ara ọkọ̀ ti le jù. Mo tẹ́ rọ́bà táyà sórí rẹ̀ kó máa gba jìgìjìgì mọ́ra, mo wá fi ìkọ́ irin há fíríìjì lọ́tùn-ún lósì. Òrùlé wa ń jò, òjò ń pa mí lẹ́yìn bí mo ṣe ń ṣe é. A tún gba ọ̀nà Ìbà lọ, a gba ẹ̀yìn Alaba Rago bọ̀. Fíríìjì ò mira.

Nígbà tó yá, Bàbá fúnra wọn wá wò ó. Wọ́n ti rù, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ ṣí ìkọ́ náà, kò gbà fún wọn. Màmá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé àwọn lá máa ṣí i.

Bàbá ò wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí o ò bá sí nílé ńkọ́? Ará àdúgbò lè bá mi gbé e. Èmi ló yẹ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

 Mo gé ìkọ́ náà dànù, mo ṣe òmíràn tó ní ọwọ́ gígùn, tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì ṣí. Bàbá ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i, bíi pé wọn ò ní í lọ mọ́. Sẹ́wánù ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é tẹ́ ara wọn lọ́rùn.

Ìgbà yẹn ni Màmá bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìgbòho. Wọ́n ní àwọn ì bá gbé mi dání, ṣùgbọ́n àna àwọn ló ń wakọ̀, Bàbá máa wà níwájú, àwọn àti ẹrù ló kún ẹ̀yìn. Ìjókòó tí mo fọwọ́ ara mi yọ ni ǹ bá jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn. Wọ́n béèrè orúkọ yín àti àdúgbò wa, mo sọ ọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má yà, kó má baà rẹ Bàbá.

Lẹ́yìn tí wọ́n délé, Màmá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní oògùn tutù títí délé. Wọ́n ní Bàbá ló ranrí pé àwọn gbọ́dọ̀ ya Ìgbòho. Wọ́n ní ẹ gòkè sínú jíìpù, ẹ fọwọ́ pa irin náà, ẹ bi wọ́n bóyá èmi ni mo ṣe é, ẹ tún bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ wá jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, Bàbá sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán yín lójú.

Mi ò lè jó irin mọ́ lọ́jọ́ náà, ìyá mi. Sẹ́wánù ló bá mi kó irinṣẹ́ wọlé.

Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ò ní í ríbi nílé, èmi náà ò ní í ríbi lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànbí