Wọ́n Fi Orúkọ Ìdílé Wa Pe Ajá

Àbígbẹ̀yìn mi,

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí ọ. Ọdún kìíní mi rèé ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, olùkọ́ wa sì ní ńṣe ni àwọn lẹ́tà mi ń dọ̀bálẹ̀ kí ara wọn. N kò mọ̀ bóyá ìwọ yóò lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í dúró de akọ̀wé. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ara tèmi le, inú mi ni kò dára, ìwọ lo sì bà á jẹ́.

Ìwọ lo ní kí n má fọwọ́ tẹ kókó tó yọ láàárín ìka ẹsẹ̀ Aṣọ́lé, ajá wa. Mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó tún wú sí i, ọyún ń jáde, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn. O ní àfi ilé ìwòsàn ẹranko. Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo lọ.

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà béèrè orúkọ ajá, mo sọ ọ́. Ó béèrè orúkọ ìdílé, mo rò pé tèmi ló ń bi, mo sọ ìyẹn náà. Àfi bó ṣe kọ méjèèjì pọ̀ sórí káàdì kan! Orúkọ bàbá mi! Mo ní kó pa á rẹ́ kíákíá. Ó ní kí bàbá má bínú, bí wọ́n ṣe ń kọ ti gbogbo wọn nìyẹn, pé ológbò tó wà níwájú mi gan-an ní orúkọ ìdílé. Mo ní ti ológbò kò kàn mí. Ṣebí ìwé ni wọ́n fi ń gba ilé lóde òní? Bí mo bá kú, tí Aṣọ́lé mú káàdì jáde pé òun náà fẹ́ ìpín ńkọ́?

Mo bá fi ìbínú jókòó. Wọ́n fi orúkọ wa pè é, n kò dáhùn. Wọ́n tún pè é, mo ń wo àjà. Wọ́n mú ológbò wọlé, wọ́n mú ẹlẹ́dẹ̀ tó dé lẹ́yìn wa wọlé, ajá ń lá ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sí bàtà mi. Kò tilẹ̀ gbó. Ó gbórí lé orúnkún mi, ó ń gbọ̀n. Dókítà wá yọjú, ó ní bí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí kò bá sí níbẹ̀, òun ń ti ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo pariwo pé èmi ni bàbá rẹ̀!

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Ọkùnrin tó ni ẹlẹ́dẹ̀ náà kí mi kú oríire ọmọ. Ìkà ènìyàn.

Dókítà yọ ẹ̀gún nínú kókó náà, ó fọ̀ ọ́, ó dì í, ó wá fi ike kan bí abọ́ tí kò nídìí sí ajá lọ́rùn. Mo bi í bóyá kó lè máa gbọ́ràn ni, nítorí kò gbọ́ràn rí. Ó ní kó má bàa lá egbò ni. Ajá ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Fi owó oògùn ránṣẹ́, ìwọ lo kó wa dé ibẹ̀. Má fi í sínú fóònù o, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń mú un lọ sóko, owó lè já bọ́ lọ́nà. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, a ó pe orúkọ rẹ, ìwọ yóò sì dáhùn.

Tí o bá kà á tán, ya á. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Bó bá gbọ́ pé mo dìde láàárín èrò, mo jẹ́wọ́ ọmọ kan níta, kò ní dúró gbọ́ pé ajá ni.