Eérú Tí Mo Gbọ̀n Sórí Ẹ̀fọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Mo gbà pé ara rẹ le, pé ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn ọ̀gá rẹ ò sì tíì sọ ọ́ di abuké. Ara tèmi náà le, ọkàn ni kò sinmi. Kí o tó ka ìyókù, ẹ̀fọ́ gbígbẹ tí mo dì fún ọ nígbà tí o wálé, jọ̀ọ́, dà á nù. Má fi tọrẹ.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Aláròyé ti dé. Òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ. Dókítà ní òjé náà ló fà á tí inú fi ń run ún, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi fi ń wá ọ̀rọ̀ tì. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sí ṣíbí, ó ń wò mí, kò rántí ohun tí à ń pè é.

Àwọn elétò ìlera wá yẹ omi wa wò, wọ́n yẹ ìkòkò wò, kò sí nǹkan. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì já ewé díẹ̀ lọ, ni àṣírí tú. Mo sọ fún obìnrin tó wá yẹ ilẹ̀ wò pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀fọ́ mi. Ó ní, “Ìyá, gbòǹgbò ló ń fà á mu. Kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.”

Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ irin níbẹ̀ rí. O rántí abà tí bàbá rẹ ti ń tú bátìrì ọkọ̀, tó ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Eérú ibẹ̀ ni mo ń gbọ̀n sórí ẹ̀fọ́ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, bí ìyá mi ṣe ń fi eérú ìdáná ṣe. Bàbá rẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, “Eérú mi yìí kì í ṣe ti ìdáná o.” Mo ní kó lọ jókòó, ta ló fi oníbátìrì jẹ olóko? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ̀fọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó kú, mo kó eérú tó kù sápò, mo ń lò ó títí di ọdún tó kọjá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí ojú ọmọ ń funfun, mo ní ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́, ẹ̀fọ́ ló sì ń fúnni lẹ́jẹ̀. Bó ṣe ń rù ni mo ń bù sí i. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ṣẹ̀, ìka ọmọdé ni wọ́n gé.

Ó ti ń lo oògùn. Dókítà ní òjé inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa dín kù, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé gbogbo ohun tó bà jẹ́ nínú ọpọlọ ni yóò padà bọ̀ sípò. Jọ̀ọ́, wálé. Bí o bá ní o fẹ́ mú un kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò ní bá ọ jiyàn.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Ibi tí mo ti ṣìṣe, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gba ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ.

Àfikún: Mo fa gbogbo ẹ̀fọ́ náà tu lánàá. Nígbà tí a jókòó jẹun, Aláròyé wo àwo rẹ̀, ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “Ìyá àgbà, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi fún mi ní ẹ̀fọ́ mọ́?” Láti oṣù mẹ́ta, kò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.