Ìtìjú Ni Okùn Tí Wọ́n Fi De Àṣàkẹ́

Apápá, Èkó

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ẹ̀yin méjèèjì. Mo kí Bàbá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé tó wà nídìí gàrí, mo kí gbogbo ará mọ́ṣáláṣí wa ní Lálúpọn, títí kan Lèmọ́mù tó sọ mí lórúkọ. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Inú mi ni kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Mo mọ̀ pé tíṣà ni yóò ka èyí sí yín létí nínú ìwé ìròyìn, níbi tí ẹ ti máa ń jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi ara yín pé kí ló dé tí Ràṣídì kò fi kọ ọ́ sínú àpòòwé bí ọmọ gidi, kí ó fi rán awakọ̀ sílé, kí ọ̀rọ̀ ilé máa jẹ́ ti ilé. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe dìde kí ó tó kà á tán.

Òjò Èkó kò jọ òjò wa. Tiwa a rọ̀, a dá, èèyàn a sì padà sóko. Ti ibí a máa rọ̀ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, omi a wọ yàrá, a ó sì gbé ẹní sórí àpótí. Iṣẹ́ ẹrù rírù ni mo ṣì ń ṣe ní etí òkun, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń já sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, tí ó sì ń kó kòkó lọ. Nígbà mìíràn tí àpò kòkó bá wà léjìká mi, mo máa ń rò pé bóyá láti oko wa ló ti wá. Èèyàn pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bi mí láàárọ̀ bóyá mo sùn dáadáa. Mo ti rò pé ìdánìkanwà yẹn ni ìyà tó tóbi jù ní Èkó. N kò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a sinmi, àwọn tí a jọ ń ru ẹrù kóra jọ sábẹ́ òrùlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun pélébé kan tí wọ́n ń fi lé ara wọn lọ́wọ́. Àwòrán ni, àwòrán obìnrin tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ níbí. Àwọn atukọ̀ ń rà á, àwọn ọkùnrin tiwa náà ń rà á, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpò bí ẹní tọ́jú tírà. Ọkùnrin tó ni ín bí ọmọbìnrin mẹ́ta, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ó nà án sí mi pé kí èmi náà wá wo nǹkan. Mo wo ojú obìnrin náà. Àṣàkẹ́ ni. Àṣàkẹ́ àbúrò mi, ọmọ yín, Bàbá.

Wọ́n ní mo ya wèrè lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó là wá, eyín ọkùnrin náà kan ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwòrán náà sì ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má bá ènìyàn jà, mo sì tẹríba, ṣùgbọ́n n kò ní tọrọ àforíjì fún eyín yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ ní etí yín pé Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá a. Ẹ rántí bó ṣe kúrò nílé. Ó ti lé lógún ọdún, ó ti gbọ́n nínú òwò gàrí, aṣọ rírán ló fẹ́ kọ́. Obìnrin tí gbogbo yín ń pè ní Àǹtí Èkó wá sí agbo ilé wa lẹ́yìn Iléyá, ó kúnlẹ̀ kí yín, ó ní ọmọ Lálúpọn ni ìyá òun, ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Èkó. Ẹ fi Àṣàkẹ́ lé e lọ́wọ́ tàdúràtàdúrà. Kò sí ẹni tó béèrè àdúgbò tó ń gbé. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá fi ọmọ fún ni kọ́ kì í tọ ọmọ náà lọ wò. Wọ́n á ní kò fọkàn tán ẹni tó gbà á, wọ́n á ní ó ń ṣọ́ olóore bí olè. Ojú tì yín láti béèrè. Obìnrin náà sì mọ̀ pé ojú yóò tì yín, òun ló fi ń ṣòwò.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kankan. Ilé ọtí ló ní. Àṣàkẹ́ ń jí kí àkùkọ tó kọ, ó ń pọn omi, ó ń fọ abọ́, ó ń gbé ọtí fún àwọn ọkùnrin títí ojú wọn yóò fi pọ́n, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Bí ó bá béèrè, wọ́n á ní owó rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá mi, owó náà ni ṣúgà àti ẹja gbígbẹ tí obìnrin yẹn ń gbé wá kí yín lọ́dọọdún. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọmọ yín. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń tọrọ.

Ẹ sì rántí àwòrán ńlá tó gbé wá lọ́dún àkọ́kọ́, tí ẹ fi gíláàsì sí, tí ẹ gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àṣàkẹ́ jókòó lórí àga, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kejì lé rédíò. Gbogbo Lálúpọn ló wá wò ó, Ìyá mi sì ń nù ún láràárọ̀. Ayàwòrán ló ni aago náà. Ó ń bọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ ẹnì kan fún ọmọ ẹlòmíràn. Òun náà ló ni rédíò, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju aáyán lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nínú yàrá ayàwòrán yẹn kan náà, ni wọ́n ti Àṣàkẹ́ mọ́, tí wọ́n fi ebi pa á, tí wọ́n sì lù ú títí tó fi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe níwájú kámẹ́rà. Èyí tó wà lára ògiri wa ni wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ jáde nílé. Ọmọ Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa, wò ó tán lọ́dẹ̀dẹ̀ wa, ó sì tẹ̀ lé obìnrin náà. Mo ti wá a títí, n kò rí i.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya èyí tí mo rí yẹn, wọn kò tilẹ̀kùn mọ́ Àṣàkẹ́ mọ́. Obìnrin náà ní ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kó máa lọ, ṣùgbọ́n àwòrán náà yóò ṣáájú rẹ̀ dé Lálúpọn, ọ̀kan fún bàbá rẹ̀, ọ̀kan fún Lèmọ́mù. Ọdún mẹ́ta ni ilẹ̀kùn fi ṣí, tí ọmọ yín kò lè jáde.

Mo wádìí ibi tí àwòrán náà ti wá, títí mo fi dé àdúgbò ilé ọtí náà. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti rí i. Nígbà tó rí mi, ó sọ korobá sílẹ̀, ó sá. Àbúrò mi ń sá fún mi, Ìyá mi, bí ẹni pé èmi ni wọ́n rán sí i. Nígbà tí mo bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Kò béèrè ìlera yín, kò béèrè bóyá Bàbá Àgbà ṣì wà láyé. Ohun tó bi mí ni pé ṣé Bàbá ti rí i. Mo ní rárá. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé. Ó ní òun kò lè lọ, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ ọ́ nílé pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Bàbá, mo bẹ yín, ẹ má pa òwe yẹn mọ́. Ẹ̀yin pa á láti fi kọ́ wa ká má jalè, ká má purọ́. Àwọn oníṣẹ́ ibi ti gbà á lọ́wọ́ yín, òun ni wọ́n fi de Àṣàkẹ́. Ta ni ẹ̀sín náà tọ́ sí? Ṣé ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ni, àbí ẹni tó bọ́ ọ? Ṣé ẹni tí wọ́n tà ni, àbí àwọn bàbá ọlọ́mọ tó rà á? Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí àwọn ọkùnrin tó ń nawọ́ gbà á ní Apápá, ayàwòrán yẹn ì bá ti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo sì ń wo ohun tí àwòrán náà ń sọ àwọn fúnra wọn dà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kí ọmọ tó ń ta ẹ̀pà fún wa mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń díye lé e, wọ́n sì ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ nílé bí ẹni ń bá ẹrù sọ̀rọ̀.

Mo mú ẹjọ́ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ bi mí pé ṣé wọ́n tì í mọ́lé ni. Mo ní wọn kò tì í mọ́lé mọ́. Ó bi mí pé okùn tí wọ́n fi dè é dà. Mo ti gbé àwòrán náà fún un, ó sì ń fi han ẹnì kejì rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé okùn náà ló mú dání yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo já a gbà, mo fà á ya lójú wọn.

A ti gba òmìnira, ẹ̀yin náà jó lọ́jọ́ náà. Ẹ máa ń sọ fún wa pé ìwọ̀fà ti tán nílẹ̀ yìí. Bàbá, ìwọ̀fà sàn. Ìwọ̀fà mọ gbèsè tó ń sìn lé lórí, ó ní àsìkò tó fi ń ro oko ara rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì mọ ilé tó wà. Ẹrú ló kú tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ ló kú tí ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ọmọ tiyín di ẹrú fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ìyá àti bàbá rẹ̀ sì ń fi ẹja gbígbẹ jẹ ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn yín, mo mọ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Mo padà tọ Àṣàkẹ́ lọ nídìí ẹ̀rọ omi, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé mi. Ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá onílé mi báyìí, obìnrin Kérúbù kan tí kò bi í ní ìbéèrè kankan, tó kàn tẹ́ ẹní fún un. Èmi fẹ́ kọ lẹ́tà yìí ní ìkọ̀kọ̀. Òun ló kọ̀. Ó ní bí a bá ń fi pamọ́, obìnrin yẹn ṣì ni ọ̀gá òun. Ó ní kí n gbé e síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á, pé ohun tí òun ti fi ẹnu ara òun sọ, kò sí ẹni tí yóò tún fi dẹ́rù ba òun. Nítorí náà, tíṣà, ẹ kà á sókè. Irú àwòrán náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ má wò ó, ẹ jó o níná, kí ẹ sì di ẹni tó mú un wá mú.

Ẹ̀yin òbí ní Ìrókò, ní Olódò, ní gbogbo abà tí obìnrin bẹ́ẹ̀ ń yà sí, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín mọ́. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé. Kí ẹnì kan nílé bá ọmọ lọ, kí ó rí ẹní tí yóò sùn lé. Bí olóore bá bínú nítorí ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ.

Bàbá mi, ó ku ohun kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Jímọ̀ tí ẹ gbọ́ èyí, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìdó. Ẹ wá pàdé wa ní tẹ́ṣàn Lálúpọn. Kí ẹ má rán ẹ̀gbọ́n, kí ẹ má rán Ìyá mi nìkan. Nílé wa, bí ọmọ bá ti ìrìn àjò dé tó sì kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ki oríkì rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó la ẹnu. Ọmọ tí bàbá bá sì ti kì ní gbangba, ta ló tó bú u? Nílé ọtí yẹn, orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń pè é, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ oríkì òun. Ẹ ki oríkì rẹ̀ lójú ọjà, lójú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀. Bí ohùn yín bá gbọ̀n, kò burú.

Bí ọkọ̀ bá dúró, Àṣàkẹ́ yóò wo ìta láti ojú fèrèsé. Bí ó bá rí yín, a ó sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá rí yín, ó ti sọ fún mi pé òun kò ní sọ̀, n kò sì ní fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọkọ̀ yóò gbé àwa méjèèjì kọjá lọ sí Òṣogbo, ẹ kò sì ní gbúròó wa mọ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò jẹ́ kí oko so, kò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí Ìyá Ràfátù jẹ́jẹ́, ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ń wá ọmọ wọn.

Èmi Ràṣídì ni mo kọ ọ́. Àṣàkẹ́ jókòó tì mí, ó sì ní kí n fi orúkọ òun sí i.

Àwa ni, Ràṣídì àti Àṣàkẹ́, àwọn ọmọ yín.