Ìpè Tí Mi Ò Gbé

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Bámiṣẹ́ wá láàárọ̀ yìí. Oní-Akoto ni mo ń pè é – òun ni òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ fóònù ní kó máa bójú tó òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn wa ní Ìdí-Ọsàn. Akoto kì í kúrò lórí ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀wà ló ń jẹ. Lónìí ó ṣí i, ó gbé e lé itan. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò dáa.

Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ò lè dá gbé òpó yìí dúró. Abà ni wá, èrè ò sí lára wa. Àjọ ìjọba kan ló ń san owó ìrànwọ́ fún wọn lóṣooṣù kí wọ́n má bàa pa á. Àjọ yẹn ti dá owó dúró láti oṣù kẹfà, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ka iye ìṣẹ́jú tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí òpó, ó kéré débi pé wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn náà ò ní ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Bí àjọ ò bá yí ohùn padà, òpó á kú níparí oṣù yìí.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kó dé akoto ẹ̀ padà. Òpó tí àwọn aboyún abà mọ́kànlá fi ń rí mi, ta ló fẹ́ pa á níṣojú èmi Rùkáyàt agbẹ̀bí wọn?

Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti mọ ohun tó fà á. Èmi ni.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí n kọ ọ́ tán. Láti ọdún méjì tí òpó yìí ti dé ni mo ti kọ́ àwọn ìyá ní fíláàṣì. Pè mí, jẹ́ kó dún, pa á. Mi ò ní gbé e, owó ò ní lọ. Ẹ̀ẹ̀kan: ara ọmọ ń gbóná. Ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ yọjú sí wa bí ẹ bá ráyè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn: ọmọ ń bọ̀. Èmi náà á fíláàṣì Àyándèjì ọlọ́kadà, á sì mọ̀ pé kóun wá gbé mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi – ọjọ́, aago, ẹni tó pè, ohun tó bí.

Àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ rí i, wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan, ọkọ̀ ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì, ọkọ̀ ò wá mọ́. Ó di ti gbogbo abà, mo sì máa ń fi yangàn. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan jókòó síbì kan, tí wọ́n ń sọ pé ìpè tí wọn ò gbé kì í ṣe ìpè.

Ó ní àtúnṣe. Kò sóhun tí mi ò lè tún ṣe ní Ìdí-Ọsàn.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìrun, mo dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́rọ̀ kalẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin gbọ́. Fíláàṣì tán. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, kó pè, kí wọ́n gbé e, kó sọ̀rọ̀ – kó sì sọ ọ́ kó pẹ́. Bàbá Mùkáílà ní, "Ìyá Sódìq, kí la fẹ́ máa bá ara wa sọ tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní kí wọ́n máa béèrè àlàáfíà ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìlú ti ya wèrè. Òjó ọdẹ pe ìyàwó ẹ̀ láti iwájú ilé sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kí ara wọn títí, ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àná bá wọ̀ ọ́, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú jà. Mo ní kí wọ́n parí ìjà náà lórí fóònù. Bàbá Mùkáílà pe ọmọ wọn ní Lánlátẹ̀, wọ́n ròyìn ewúrẹ́ wọn fún un ní méní-mèjì. Èmi náà ń gbé ìpè láti àárọ̀. Etí mi gbóná.

Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Oní-Akoto ní ìṣẹ́jú wa ti di ìlọ́po méje. Ìyá tó bí mi ò bí ọ̀lẹ.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́tà àjọ ti dé bá àwọn Bámiṣẹ́. Wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú wa ṣàdédé fò sókè nígbà tí àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ló háyà èèyàn láti máa pe ara wọn kí owó lè jáde. Jìbìtì ni wọ́n pè é. Kì í tún ṣe pé wọn ò ní san mọ́ nìkan, wọ́n fẹ́ gba èyí tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ padà. Ìjókòó wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Bámiṣẹ́ ò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, "Mà, àbí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa pè?"

Mo ní èmi kọ́. Irọ́ funfun báláú, lẹ́nu ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí n tó sùn, mo gbọ́dọ̀ kọ èyí.

Nàfísàt, ìyàwó Hàkímù. Abà wọn ló jìnnà jù. Oyún ìbejì, mo ti ń retí ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aago méje àárọ̀ ni Àyándèjì gbé wọn dé – Nàfísàt láàárín, Ifáfúnkẹ́ aládùúgbò ẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ìró wé ọmọ mọ́yà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lóru lọ pe ọlọ́kadà. Wọ́n ti bí Táyé nílé. Kẹ́hìndé ṣì wà nínú, ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi jáde. Ó jáde, kò ké. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn, mo ka Yásíìnì dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Ó ké.

Ìgbà tí ara balẹ̀, mo bínú sí ìyá wọn. Mo ní, ọkọ ẹ lọ sọ́jà, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ, o ń rọbí, o ò sì wá mi. Ó wò mí.

"Mi ò ní káàdì, Ìyá Sódìq. Ẹ sì ti ní ká má fíláàṣì mọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn táǹkì omi, mo sunkún. Ojú tì mí. Ọmọ yẹn ìbá kú nítorí pé mo ń kó ìṣẹ́jú jọ.

Jímọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo dá fíláàṣì padà. Mo lọ bá Bámiṣẹ́, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi. Mo ń bá a lọ sí Ìbàdàn.

Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀gá mi pè. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kì í lọ sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó tí wọn ò rán an. Mo ní mo gbọ́, sà. Mi ò sọ pé mi ò ní lọ.

Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

A ti dé. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Obìnrin tó wà láàárín ni olórí wọn, Màdáámù Keturah. Ó ń fi rúlà kàwé, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan – Onírúlà ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n bi í pé ta ló háyà àwọn tó ń pè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀. Mo dìde.

Mo ní èmi ni. Kò sẹ́ni tó háyà ẹnì kankan. Èmi ni mo pàṣẹ, wọ́n sì tẹ̀lé e nítorí pé èmi ni mo ń gbẹ̀bí wọn. Mo sọ ti fíláàṣì. Mo sọ ti Nàfísàt.

Onírúlà ní, "Tí wọ́n bá pè yín, tẹ́ ẹ ò gbé e, Ìyá, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òpó yẹn ṣe wọ́n láǹfààní?"

Mo ní, "Bí mi ò ṣe gbé e yẹn lèsì, mà. Wọ́n á ti mọ̀ pé mo ń bọ̀."

Mo gbé ìwé iṣẹ́ mi síwájú ẹ̀. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹjọ: ìgbẹ̀bí mọ́kànlélógún, ọmọ mẹ́tàlélógún – Ìbàràpá, ilẹ̀ ìbejì, kúkú ni. Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ó bi ilé-iṣẹ́ bóyá ẹ̀rọ wọn máa ń tọ́jú ìpè tí wọn ò gbé. Lọ́yà ní àjọ ò béèrè irú ẹ̀ rí. Bámiṣẹ́ dìde lẹ́yìn, akoto lọ́wọ́.

"Ó wà, mà."

Lọ́yà wò ó bí ẹni pé kó gbé e mì. Bámiṣẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Oṣù kẹjọ nìkan, ìpè tí wọn ò gbé lórí òpó wa lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Wọ́n wá nọ́ńbà mi láàárín ti oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìlà tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀. Mọ́kàndínlógún bára mu. Méjì ò sí níbẹ̀ rárá. Gbogbo wọn gbójú sókè sí mi. Mo wo orúkọ àwọn méjèèjì, mo rántí wọn.

Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ò fíláàṣì, mà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá."

Ó gbé rúlà sílẹ̀. Ó ní ká máa lọ, àwọn á kọ̀wé.

Ọjọ́rú, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kúérì ti dé látọ̀dọ̀ ọ̀gá mi: kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mo fi lọ sí Ìbàdàn. Ojú ìwé méjì. Ìlà mẹ́rin ni mo fi dáhùn.

Ajé, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà méjì lọ́jọ́ kan náà.

Bámiṣẹ́ mú ti àjọ wá. Wọ́n á máa san owó ìrànwọ́ lọ. Láti ìsinsìnyí, ìpè tí wọn ò gbé wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ìṣẹ́jú ọjọ́ wèrè wa yẹn, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n sì fagi lé ọ̀rọ̀ jìbìtì. Òpó dúró. Oní-Akoto ju akoto sókè, kò rí i hán, ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Èkejì, tèmi ni. Wọ́n gbé mi lọ sí Ayétẹ̀. Nọ́ọ̀sì Aliyyah ló ń bọ̀ wá gba ipò mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bí ìjókòó míì bá wà ní Ìbàdàn lọ́la, màá tún lọ.

Jímọ̀, 3 Ọ̀tóbà

Ayétẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí.

Láàárọ̀ mo fa gbogbo nǹkan lé Aliyyah lọ́wọ́: kọ́kọ́rọ́, ìwé iṣẹ́, oògùn. Lẹ́yìn náà fóònù mi, tòun ti síìmù inú ẹ̀. Ó ní, "Mà, mo ní nọ́ńbà tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn." Mo ní rárá. Ìdajì wọn ò mọ̀wé, ìka wọn ló mọ nọ́ńbà yìí. Èmi ni kí n lọ, kí nọ́ńbà dúró.

Kò tíì tọ́jú ẹ̀ tó fi dún. Ó fẹ́ gbé e. Mo ní, "Má gbé e. Kà á."

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó fíláàṣì Àyándèjì bí mo ṣe kọ́ ọ, ó gbé báàgì, ó gun ọ̀kadà. Ó yára, inú mi dùn sí i. Mo ti gbẹ́sẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn kí n tó rántí. Ọkọ̀ Ayétẹ̀ ń fọn fèrè. Mo wọlé sọ́kọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ báyìí. Wọ́n á ti bímọ ní Ìdí-Ọsàn. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbẹ̀bí wọn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mi ò mọ ohun tí wọ́n bí.