Ìgò Àdí Àgbọn Tó Sùn Lọ

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti fún mi ní sikọ́láṣípù o. Ọmọ yín ń lọ sí yunifásítì, ó ń lọ kọ́ kẹ́místírì. Láti àná ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì, àwọn ará Imeke á ti máa rò pé nǹkan ń ṣe mí.

Àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣípù náà ní kí oníkálukú mú ohun kan wá síwájú wọn láti ilé, èyí tó máa fi irú ẹni tó jẹ́ hàn àti ìdí tó fi fẹ́ kọ́ ohun tó fẹ́ kọ́. Epo rọ̀bì ló wà lẹ́nu gbogbo ayé báyìí, àwòrán kànga epo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé wá. Èmi gbé ìgò kékeré àdí àgbọn tí ẹ sè kẹ́yìn, èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dín ẹja láti ìgbà tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé ìgò sójú oòrùn kí ẹ tó tà á? Bí ẹ kò bá rí ìka yín lódìkejì, inú ìkòkò ló ń padà sí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n nìyẹn.

Àṣé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí yóò fi kàn mí, àdí ti funfun, ó ti dì gbagidi. Bí mi ò bá rí owó yìí gbà, ilé ni màá jókòó sí.

Ìgbà náà ni mo rántí yín láàárọ̀ ọyẹ́, tí ẹ ó fi ìgò há abíyá, tí ẹ ó máa fi èdè Ègùn bú u bí ọmọ tó ń sùn nígbà tó yẹ kó wà nílé-ìwé. Mo fi ìgò náà há abíyá níwájú wọn. Mo ń ṣàlàyé ohun tí òtútù ń ṣe sí òróró, mo sì ń fi Ègùn bú u lọ. Ìyá kan láàárín wọn tó gbọ́ Ègùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, kò tíì yọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ti mọ́. Mo gbé e sójú fèrèsé, gbogbo wọn sì rí ìka mi.

Ó dùn mí pé ẹ kò sí níbẹ̀. Àbí ẹ wà níbẹ̀?

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí, ìgò yín sì tún ti dì. Abíyá òsì ni mo há a sí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó kọ́kọ́ tutù gan-an. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, mi ò sì fẹ́ yọ ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bú àdí bíi tiyín.